Apá Tí Ó Gba Ẹ̀san: Fíìmù True Grit ti 1969 àti ti 2010

Bí a bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ méjì tí ó sọ ìtàn kan náà, tí a sì ní kí ó fi wọ́n wéra, ohun tí ó sábà máa ń ṣe ni pé yóò fa ìlà sí àárín ìwé rẹ̀, yóò kọ ‘ìjọra’ sí apá kan, yóò kọ ‘ìyàtọ̀’ sí apá kejì, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n ní ení-èjì. Nígbà tí a fi fíìmù True Grit méjèèjì han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé ojú òsì ni John Wayne fi awọ bò nínú ti 1969, àti pé ojú ọ̀tún ni Jeff Bridges fi bò nínú ti 2010. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kí ni a ó fi òótọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe? Bí a bá pààrọ̀ ojú náà padà, ìtàn kò ní yí ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ni ó wá béèrè ìbéèrè tí ó di àpilẹ̀kọ yìí. Ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí apá ọmọ yẹn fi pé méjì nínú ti àkọ́kọ́, tó wá ku ẹyọ kan nínú ti èkejì? Kí ló ṣe?’

Ìbéèrè yìí ni ó tó ìbéèrè. Èrò wa ni pé orí apá kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì láàárín fíìmù méjèèjì rọ̀ mọ́, àti pé ẹni tí ó bá mọ ìdí tí wọ́n fi dá apá náà sí ní 1969, tí wọ́n sì fi gé e ní 2010, ti mọ ohun tí fíìmù kọ̀ọ̀kan gbà gbọ́ nípa ìgbẹ̀san.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ro ìtàn náà ní ṣókí fún ẹni tí kò tíì wò ó. Charles Portis, ọmọ ìpínlẹ̀ Arkansas ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ ìwé ìtàn àròsọ True Grit, tí ó jáde ní 1968. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Henry Hathaway darí fíìmù àkọ́kọ́ tí a yọ láti inú rẹ̀. Ipa Rooster Cogburn tí John Wayne kó níbẹ̀ ni ó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún un ní 1970. Ní 2010 ni Joel àti Ethan Coen, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tún ìtàn náà gbé jáde. Ipò mẹ́wàá ni wọ́n ti dárúkọ fíìmù tiwọn fún Oscar, kò sì gba ẹyọ kan. Nínú méjèèjì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Tom Chaney yìnbọn pa ọ̀gá rẹ̀, Frank Ross, ní ìlú Fort Smith. Ó jí ẹṣin olóògbé náà àti owó góòlù méjì tí ó wà lára rẹ̀, ó sì sá wọ ilẹ̀ tí àwọn Indian ń gbé nígbà náà, èyí tí ó di ìpínlẹ̀ Oklahoma ní 1907. Mattie, ọmọbìnrin olóògbé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wá sí Fort Smith láti tọ́jú òkú bàbá rẹ̀. Dípò kí ó gbé òkú padà sílé, ó háyà Rooster Cogburn, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ tí ó ní ojú kan, tí ó mutí, tí kò sì lọ́ra láti pa ènìyàn, nítorí ó gbọ́ pé ó láyà. LaBoeuf, agbófinró láti Texas, tí ń wá Chaney kan náà lórí ẹjọ́ mìíràn, dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìrìn àjò àwọn mẹ́ta yìí ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àhunpọ̀ ìtàn.

Èdè wa fún lámèyítọ́ ní irinṣẹ́ kan tí ó yẹ kí a lò níhìn-ín. Ẹ̀san àti ìgbẹ̀san kì í ṣe ohun kan náà lẹ́nu Yorùbá. Ẹ̀san a máa rìn fúnra rẹ̀; a lè sun títí kí ó dé, ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹ̀san kò gbóògùn. Ìgbẹ̀san ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ‘gbà’ wà ní ikùn rẹ̀. Ẹnìkan ni ó dìde, tí ó na ọwọ́, tí ó gba ohun tí ì bá wá fúnra rẹ̀ tàbí tí ì bá má wá rárá. Ẹni tí kò na ọwọ́ kò tíì gba nǹkan. A ó rí i bí a ti ń lọ pé ìyàtọ̀ yìí ni àwọn fíìmù méjèèjì ń jà lé lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá nínú àwọn tí ó ṣe wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìbẹ̀rẹ̀ wọn wò. Hathaway bẹ̀rẹ̀ ní oko àwọn Ross. A rí Frank Ross láàyè, a rí i bí ó ti ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, a rí i tí òun àti Chaney jọ jáde lọ sí Fort Smith, a sì rí ìjà tí ó yọrí sí ikú rẹ̀. Òǹwòran ti mọ bàbá, ó ti mọ apànìyàn, inú ti bí i kí Mattie tó mọ̀ pé òun ti di aláìníbaba. Àwọn Coen kò fún wa ní ọ̀kankan nínú èyí. Òkùnkùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ kan tí ń tóbi díẹ̀díẹ̀ títí tí a fi rí i pé òkú ènìyàn ni ó wà nílẹ̀ níwájú ilé, tí yìnyín ń bọ́ sí i lára, tí ẹnìkan sì ń gun ẹṣin sá lọ. Ohùn obìnrin àgbà kan ni ó ń sọ ìtàn náà fún wa: Mattie ni, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ohùn náà tó dákẹ́, ó ti sọ fún wa pé kò sí ohun tí ènìyàn kì í sanwó rẹ̀ láyé yìí, àfi oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run nìkan. Fíìmù àkọ́kọ́ kò ní irú ohùn yìí rárá. Nínú ìwé Portis, Mattie àgbà ni asọ̀tàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Hathaway pa á lẹ́nu mọ́, ó fi kámẹ́rà rọ́pò rẹ̀, àwọn Coen sì dá ohùn náà padà fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń kọ̀wé lórí ojú ìwòye nínú ìtàn kò ní rí àpẹẹrẹ tí ó hàn ketekete ju èyí lọ. Bí àgbà bá ń sọ ohun tí ó ṣe ní ọmọdé, a ti mọ̀ pé ó yè é. Ohun tí a kò mọ̀ ni ohun tí ó kù lára rẹ̀.

Ohun kan tún wà lójú ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù 2010 tí ó rọrùn láti fojú fò. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sójú fíìmù láti inú Ìwé Òwe, orí 28, ẹsẹ kìn-ín-ní, èyí tí ó dá lórí bí ènìyàn búburú ti ń sá nígbà tí kò sí ẹni tí ń lé e. Ìdajì ẹsẹ náà ni wọ́n kọ. Ìdajì kejì, tí ó sọ̀rọ̀ nípa ìgboyà olódodo, kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Bíbélì rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa ti mọ̀ ọ́n, yóò máa dúró de ìdajì kejì yẹn, kò sì ní rí i. A kò gbà pé èèṣì ni. Mattie gbà pé olódodo ni òun. Fíìmù náà fi ààyè olódodo sílẹ̀ lófìfo, ó sì ní kí a máa wò ó bóyá yóò lè kún un.

Nínú ìfìwàwẹ̀dá Mattie, àwọn fíìmù méjèèjì jọra ní ọ̀nà kan: oníṣòwò ni ọmọ náà. Ó bá Stonehill, ẹni tí ó ń ta ẹṣin, dúnàá dúrà títí tí ọkùnrin náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ àìsàn, ó sì dá àwọn ẹṣin wẹ́wẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti rà padà fún un gba owó. Hailee Steinfeld, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù 2010, ń sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò tí ó ti lo ogún ọdún ní kóòtù. Kò gé ọ̀rọ̀ kúrú, kò sì fi ohùn rawọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rín ni a fi ń wo èyí lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí sí i dáadáa, a ó gbọ́ pé èdè ọjà kan náà ni ó fi ń sọ̀rọ̀ nípa ikú bàbá rẹ̀. Nǹkan ti sọnù. Ẹnìkan jẹ gbèsè rẹ̀. A gbọ́dọ̀ gbà á pé, kí ó má ku kọ́bọ̀. Kim Darby, tí ó ti lé ní ogún ọdún nígbà tí ó kó ipa kan náà, dára ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọbìnrin olóríkunkun ni a rí nínú rẹ̀. Ti Steinfeld ni ó ń ba ni lẹ́rù, nítorí ọmọdé gan-an ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbèsè yìí ti hàn jù ni àríyànjiyàn òun àti LaBoeuf. LaBoeuf fẹ́ mú Chaney lọ sí Texas, níbi tí ó ti pa aṣòfin kan àti ajá rẹ̀, kí wọ́n yẹgi fún un níbẹ̀, kí òun sì gba ẹ̀bùn owó tí ó wà lórí rẹ̀. Igi kan náà ni, okùn kan náà ni, ọrùn kan náà ni. Kí ni Mattie pàdánù? Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Arkansas ni Chaney yóò kú sí, nítorí bàbá òun ni yóò sì kú, kì í ṣe nítorí aṣòfin tàbí ajá ẹnikẹ́ni. Níbí ni ìgbẹ̀san ti yà kúrò lọ́nà ìdájọ́. Ohun tí ìdájọ́ ń wá ni pé kí ẹlẹ́ṣẹ̀ jìyà. Ìgbẹ̀san ní kí ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ orúkọ ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ níyà. Fíìmù méjèèjì ní àríyànjiyàn yìí. Nínú ti àkọ́kọ́, ó ń pa wá lẹ́rìn-ín, a sì tètè gbàgbé rẹ̀. Nínú ti èkejì, ó ń tẹ̀ lé wa lọ.

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba òfin pẹ̀lú, nítorí ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé Mattie ì bá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ìjọba gbọ́dọ̀ wo irú ìjọba tí ó wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ Fort Smith kì í ṣe àròsọ. Adájọ́ Isaac Parker jókòó níbẹ̀ láti 1875 títí di 1896. 160 ènìyàn ni ó dájọ́ ikú fún, a sì yẹgi fún 79 nínú wọn. Nínú fíìmù 2010, ọkùnrin mẹ́ta ni a fẹ́ yẹgi fún ní gbangba ní ọjọ́ tí Mattie wọ ìlú. Òyìnbó méjì nínú wọn sọ tẹnu wọn tán, ọ̀kan tilẹ̀ sunkún. Nígbà tí ó kan ẹnì kẹta, tí ó jẹ́ Indian, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni wọ́n fi àpò bò ó lórí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́ kù sábẹ́ àpò náà. Àwọn òǹwòran kan nínú kíláàsì wa rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni, ṣùgbọ́n ó sọ fún wa ẹni tí òfin ń gbọ́ ohùn rẹ̀ àti ẹni tí kò gbọ́ tirẹ̀. (Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ sí i nípa ilé ẹjọ́ yẹn lè ka ìtàn Bass Reeves, ọkùnrin dúdú tí a bí sí oko ẹrú ní Arkansas ní 1838, tí ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá tí ó lókìkí jù lábẹ́ Parker. Kò sí nínú fíìmù méjèèjì, ó sì yẹ kí ẹnìkan ti ronú kàn án.)

Chaney fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn Coen mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́. A ti rìn jìnnà, a ti rí òkú tí ó rọ̀ sórí igi gíga, a ti rí ẹni tí ó wọ awọ béárì, a ti rí i tí wọ́n ń yìnbọn pa ara wọn nínú ahéré, a kò tíì rí ojú Chaney. Nígbà tí Mattie sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi ní odò tí ó sì bá a níbẹ̀, ọkùnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ wúwo ni a rí, tí ń fẹjọ́ ayé sùn pé gbogbo nǹkan ni ó dojú kọ òun. Josh Brolin ṣe é bí ẹni tí kò mọ ìdí tí ó fi ṣe ohun tí ó ṣe. Inú òǹwòran bàjẹ́. Irú ẹni báyìí ni a torí rẹ̀ rìn dé ibí? Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àléébù fíìmù náà nìyẹn, pé ọ̀tá kò lágbára tó. A kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a fún un ní máàkì, nítorí ó rí ohun tí ó yẹ kí ó rí. Kíkéré Chaney ni kókó ọ̀rọ̀. Gbèsè tí Mattie ń sìn tóbi bí òkè, ẹni tí ó jẹ ẹ́ kò sì ní ohunkóhun tí ó lè fi san án. Kódà bí ó bá kú, ikú rẹ̀ kò tó ikú Frank Ross.

Wàyí o, a dé ibi tí a ń lọ. Ìsọ̀tàn mẹ́ta ni a ní nípa bí Chaney ti kú, a sì rọ olùkọ́ kí ó kọ wọ́n sójú pátákó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú ìwé Portis, Mattie yìnbọn fún Chaney ní orí, agbára ìbọn náà tì í ṣubú sẹ́yìn sínú ọ̀gbun kan tí ejò wà. Ṣùgbọ́n Chaney kò kú, Rooster ni ó dé tí ó fi ìdí ìbọn gbá a pa. Nínú fíìmù 1969, Mattie ṣe é léṣe, ìbọn tì í sínú ọ̀gbun, Rooster sì padà wá yìnbọn pa Chaney. Nínú fíìmù 2010, Mattie gbé ìbọn gígùn LaBoeuf, ó dúró níwájú Chaney, ó sì yìn ín lu àyà. Chaney ṣubú láti orí àpáta, ó kú. Rooster kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bá Mattie parí rẹ̀.

Àwọn tí ó ń yin fíìmù kejì sábà máa ń sọ pé kò ju pé ó padà sínú ìwé lọ, àwọn Coen fúnra wọn sì sọ pé ìwé ni àwọn tẹ̀ lé, àwọn kò tẹ̀ lé fíìmù àtijọ́. Bí ó ti rí nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ níbí, níbi tí ó ṣe pàtàkì jù. Wọ́n kọjá ìwé. Wọ́n gba pípa náà lọ́wọ́ Rooster, wọ́n sì fi lé ọmọ náà lọ́wọ́ pátápátá. Ìbọn ẹyọ kan ni ó pa Chaney, òun náà ni ó ti Mattie sínú ọ̀gbun, inú ọ̀gbun yẹn ni ejò ti bù ú ṣán lọ́wọ́, oró ejò náà ni ó sì mú kí wọ́n gé apá rẹ̀. Kò sí àlàfo láàárín ìgbẹ̀san àti owó rẹ̀. Bí a bá wá fi ti 1969 wé e, a ó rí i pé òun náà kò ṣàì gba owó, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ni ó gbà á lọ́wọ́ wọn. Rooster ni ó pa ènìyàn. LaBoeuf ni ó kú: orí rẹ̀ tí Chaney fi òkúta fọ́ ni ó pa á lẹ́yìn tí ó ti bá wọn fi ẹṣin fa okùn jáde nínú ọ̀gbun. Mattie, tí ó dá gbogbo ìrìn àjò náà sílẹ̀, so apá rẹ̀ kọ́ ọrùn fún ìgbà díẹ̀, ó sì sàn. Nínú ti 2010, LaBoeuf yè. Ẹni tí ó jẹun ni ó sanwó oúnjẹ.

Yorùbá ní apá ká nǹkan bí ènìyàn bá lè ṣe é, apá kò sì ká a bí ó bá ju agbára ẹni lọ. Gbogbo ènìyàn ní Fort Smith ni ó sọ fún Mattie pé apá rẹ̀ kò ká ọ̀rọ̀ yìí. Ó fi hàn wọ́n pé apá òun ká a. Apá náà ni ó sì lọ. A kò lè sọ pé àwọn Coen ní ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lọ́kàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní èyí tí ó sún mọ́ ọn nínú èdè tiwọn: orin ìjọ kan tí a kọ ní 1887, ‘Leaning on the Everlasting Arms’, tí ó dá lórí fífi ara ti apá Ọlọ́run, ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ohùn orin fíìmù náà. Nígbà tí Rooster gbé Mattie sórí ẹṣin ní òru, tí ó ń sá eré láti gbà á lọ́wọ́ oró ejò, apá Rooster ni ọmọ náà fi ara tì, apá ti òun tìkára rẹ̀ sì ń kú lọ lára rẹ̀. Ẹṣin náà, Little Blackie, tí Mattie fẹ́ràn, ni Rooster gún lọ́bẹ kí ó lè sá síwájú, títí tí ó fi ṣubú, tí ó sì yìnbọn pa á. Ọmọ náà ń bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró. Kò sí ẹni tí ó lè wo ibi yìí kí ó tún máa sọ pé ẹjọ́ Mattie àti Chaney nìkan ni ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ náà ni Mattie, tí ibà ti dà lórí rú, ti ń sọ pé ọkùnrin náà ń sá lọ. Rooster béèrè ẹni tí ń sá lọ. Chaney ni. Chaney ti kú láti ọ̀sán.

Àwọn àgbà a máa sọ pé gbígbẹ̀san kì í jẹ́ kí ọ̀ràn ó tán. A ti gbọ́ ọ títí ó ti di ọ̀rọ̀ etí lásán. Ìṣẹ́jú kan yìí ni a tún un gbọ́.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ń tàbùkù fíìmù 1969. Àwọn òkè ńlá Colorado tí wọ́n yà á sí kò sí níbikíbi ní Arkansas tàbí Oklahoma, ṣùgbọ́n wọ́n dára lójú, ọ̀rẹ́ tí ó dàgbà láàárín Wayne àti Darby sì wọ ni lára ju ti èkejì lọ. Ibi tí Wayne ti fi eyín di ìjánu mú, tí ó fi ìbọn kún ọwọ́ méjèèjì, tí ó dá kọlu ọkùnrin mẹ́rin, kò sí ẹni tí ó ṣe é tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀, Bridges náà kò tó o níbẹ̀. Àwọn tí ó dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Èkó ní ìgbà tí ilé sinimá ṣì pọ̀, tí wọ́n ń san kọ́bọ̀ wọn láti wo fíìmù káòbọ́ì, mọ òfin eré wọ̀nyẹn: áákítọ̀ kì í kú, bọ́ọ̀sì ni ó ń kú, ẹni rere sì ń gun ẹṣin lọ lópin. Hathaway bọ̀wọ̀ fún òfin náà. Ní òpin fíìmù rẹ̀, Mattie mú Rooster lọ sí ibi tí a sin bàbá rẹ̀, ó ní kí ó wá sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Rooster rẹ́rìn-ín, ó fi ẹṣin fo ọgbà kọjá, ó ju fìlà rẹ̀ sókè. Inú wa dùn. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé òpin yìí kò dára gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé inú òun dùn sí i.

Ohun tí a ní sí i ni pé ìdùnnú náà, gbèsè ni wọ́n fi rà á. Fíìmù náà gbà kí ọmọdé kan kó ìbọn, kí ó wọ igbó, kí ènìyàn púpọ̀ kú nítorí rẹ̀, kí ó sì padà sílé pẹ̀lú ara pípé àti ọ̀rẹ́ tuntun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń wo irú rẹ̀ lójoojúmọ́ nínú fíìmù ilé wa, níbi tí ẹni tí a ṣẹ̀ ti ń di apànìyàn láàárín wákàtí méjì tí a sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ tí ó béèrè ìbéèrè apá yẹn kò tíì rí èyí tí ó gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó gbẹ̀san rí. Ìdí nìyẹn tí ó fi rò pé ìjìyà ni. A sọ fún un pé kò sí ẹni tí ó fi ìyà jẹ Mattie. Ó ra nǹkan, wọ́n sì gba owó rẹ̀.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá kí fíìmù 2010 tó parí. Mattie ti di obìnrin ogójì ọdún ó dín díẹ̀, apá aṣọ rẹ̀ kan ṣófo, wọ́n sì ká a sókè. Rooster, tí ó ti darúgbó tí ó sì ń bá àwọn eléré agẹṣin kiri, ránṣẹ́ pè é sí Memphis. Nígbà tí ó débẹ̀, ó ti kú ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Mattie ní kí wọ́n hú òkú rẹ̀, ó gbé e wá sí ilé, ó sì sin ín sí ibi tí a sin àwọn ẹbí rẹ̀ sí, bí ó ti jẹ́ pé ọkùnrin yẹn kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Àwọn ará ìlú ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Kò lọ́kọ, ó ní òun kò ráyè fún un. Bẹ́ẹ̀ ni kò tún gbúròó LaBoeuf mọ́. Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì í rí ẹni bá ṣeré, a sì lè wo obìnrin yìí kí a sọ pé òwe náà ti ṣẹ sí i lára. Ṣùgbọ́n Steinfeld kọ́ ni ó kó ipa Mattie àgbà yìí, Elizabeth Marvel ni, kò sì jẹ́ kí a káàánú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ gbẹ, ó yèkooro, bí ohùn ẹni tí ń ka ìwé ìṣirò owó. Kò sọ pé òun kábàámọ̀. A wo ojú rẹ̀ láti rí i bóyá yóò sọ ọ́, ó yí padà, ó sì ń rìn lọ lórí òkè náà, ó ń kéré lójú wa, apá aṣọ kan tí kò ní nǹkan nínú sì wà lára rẹ̀.